Àwọn àtùpà gáàsì ojú pópó ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn àtùpà gáàsì ojú pópó ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ àtùpà tí ó ń fi gáàsì tan ìmọ́lẹ̀ sí òpópónà, ọgbà ìgbafẹ́ àti àgbàlá ní olú-ìlú Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan. Nǹkan bí 1,500 nínú wọn ni ó ṣì ń tàn ní ìlú tí iná mànàmáná ti gbòde kan. A lè rí wọn ní Covent Garden, St James's Park àti agbègbè Temple.

Ìtàn

Ní ọdún 1792, William Murdoch, onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ Skọ́tlándì, fi gáàsì tí a fà jáde láti inú èédú tanná sí ilé rẹ̀ ní Redruth. Ní ọdún 1807, Frederick Albert Winsor, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tan irú iná bẹ́ẹ̀ sí òpópónà Pall Mall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Gas Light and Coke Company gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1812. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1813, iná gáàsì tàn lórí afárá Westminster. Ṣáájú àkókò yìí, fìtílà elépo ni ó wà lójú pópó, àwọn olówó a sì máa háyà ọmọdékùnrin tí yóò gbé ògùṣọ̀ ṣíwájú wọn lóru.

Iná mànàmáná kò tètè borí. Wọ́n tàn án sí Victoria Embankment, létí odò Thames, ní ọdún 1878, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì padà sí gáàsì ní ọdún 1884.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Inú àtùpà náà ni àpò kékeré kan wà tí a fi òwú hun, tí a sì rì sínú èròjà kẹ́míkà. Bí iná bá mú un, òwú á jó tán, ìyókù á sì máa tàn yanran. Carl Auer von Welsbach, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó ṣe àwárí rẹ̀ ní ọdún 1885.

Láyé àtijọ́, atanná a máa ti òpó kan bọ́ sí òmíràn ní ìrọ̀lẹ́ láti tan iná, a sì padà wá pa á ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Lónìí, agogo inú àtùpà ni ó ń tàn án tí ó sì ń pa á, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ṣì ń tún agogo náà ṣe, tí ó ń nu gíláàsì, tí ó sì ń pààrọ̀ àpò náà.

Awuyewuye lórí ìpamọ́ wọn

Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìlú Westminster gbèrò láti fi iná LED rọ́pò gáàsì nínú nǹkan bí 300 àtùpà. Wọ́n ní gáàsì ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, àti pé ẹ̀yà ara àtùpà náà ṣòro láti rí. Àwọn alátakò, tí ẹgbẹ́ London Gasketeers wà lára wọn, ní ogún ìlú ni ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe òpó nìkan. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ náà dín ètò rẹ̀ kù, ó sì gbà kí ọ̀pọ̀ àtùpà máa lo gáàsì lọ. Púpọ̀ nínú wọn ti wọ àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ wọ́n láìgba àṣẹ.