Ta ni yóò ni bátìrì ọlọ́kadà ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀?

Ní ayé ìgbà tí owó kòkó kọ́kọ́ ń wọlé, iyì ni kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ fún àgbẹ̀ tó bá ní in ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú agbègbè Ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bu epo sí i. Iyán tí àgbẹ̀ jẹ lálẹ́ àná ni epo rẹ̀. Alùpùpù ló yí ọ̀rọ̀ padà: ó yára, ó ń ru àpò kòkó, ṣùgbọ́n ó so àgbẹ̀ mọ́ ilé epo.

Lẹ́yìn tí ìjọba ológun gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ ọ̀kadà gbilẹ̀. (Orúkọ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ sọ alùpùpù, Okada fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, kò sì jìnnà jù sí Ìfọ́n.) Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìnira náà ré kọjá ẹnubodè. Ní orílẹ̀-èdè Benin, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní kpayo, gbówó lórí bákan náà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Spiro ti ń kó alùpùpù oníbátìrì fún àwọn ọlọ́kadà láti nǹkan bí 2022. Bí bátìrì bá tán, ọlọ́kadà á yà sí ibùdó, á fi èyí tó tán sílẹ̀, á gba èyí tó kún. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ bátìrì kì í ṣe tirẹ̀. Ilé epo ló pa aṣọ dà.

Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn gbé pánẹ́lì tirẹ̀ dání. Láti 1954 tí ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ti fi sílíkónì sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná tó wúlò, pánẹ́lì ti ń fúyẹ́ sí i, débi pé ní 2013 àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó ń lo oòrùn láti Faransé lọ sí Kazakhstan, nínú ìdíje Sun Trip.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ ní Ìfọ́n? Bátìrì kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ fóólìtì 36 àti áńpíà-wákàtí 10 ń gba wáàtì-wákàtí 360. Pánẹ́lì oníwáàtì 100 tó rí ojúlówó oòrùn fún wákàtí mẹ́rin yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, bí ẹ̀rọ tó ń darí iná náà bá bá bátìrì mu. Àgbẹ̀ lè so ó lẹ́bàá ahéré kí ó máa roko lọ.

Ti ọlọ́kadà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bátìrì alùpùpù tó jẹ́ fóólìtì 72 àti áńpíà-wákàtí 40 jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ti kẹ̀kẹ́ yẹn. Pánẹ́lì kan ṣoṣo yóò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó kún un, pàápàá ní ìgbà òjò. Yàtọ̀ sí èyí, àsìkò tí oòrùn ń mú gan-an ni ọlọ́kadà ń gbé èrò. Bátìrì méjì ni yóò nílò, àti òrùlé tó kún fún pánẹ́lì, èyí tí apá ẹnì kan kò lè ká.

Ohun tí apá ẹnì kan kò ká kì í ṣe tuntun fún àwọn àgbẹ̀ kòkó. Láti ìgbà òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti 1935 ni wọ́n ti ń kó kòkó wọn jọ tà pọ̀. Bí àwọn ọlọ́kadà Ìdóàní bá dá owó jọ kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò jókòó dá iye tí pàṣípààrọ̀ bátìrì kan yóò jẹ́.