Eégún Aláré: Sákọ́ọ̀sì Tó Ti Ìgbòho Jáde, Ohun Tó Yí Padà àti Ohun Tí Kò Yí

Bí ìlù bàtá bá ti dún ní ojúde, ọmọdé ò ní gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ mọ́. Àgbàlagbà tó lóun ń lọ ra epo pàápàá á ní kóun kàn yà wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan náà á di wákàtí. Bó ṣe rí láyé àwọn baba ńlá nìyẹn, bó sì ṣe rí títí dòní níbikíbi tí eégún aláré bá ti jáde.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, sákọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe eré tí wọ́n máa ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Àwọn eléré á ta òkìtì, wọ́n á rìn lórí okùn, wọ́n á pidán, aláwàdà á sì pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Yorùbá ní tirẹ̀, ó sì ti pẹ́. Òun ni eégún aláré, tí wọ́n tún ń pè ní apidán tàbí alárìnjó. Ìlú tí ìtàn rẹ̀ sì dá lé kò jìnnà sí wa rárá. Ìgbòho ni, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oorelópé ní Òkè-Ògùn.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbòho?

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, Aláàfin Egunojú tẹ Ìgbòho dó, ìlú náà sì di olú-ìlú Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀yọ́ Ìgbòho, tí Ìgbó Ọba, níbi tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí, fi wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó kan Aláàfin Abípa, tí wọ́n tún ń pè ní Ògbólú, Kábíyèsí ní ó tó àkókò láti padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, ara ti tù wọ́n ní Ìgbòho. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ Aláàfin pé òun ò lọ? Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Kí àwọn ìránṣẹ́ ọba tó dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ wo ibẹ̀, àwọn ìjòyè ti rán àwọn kan ṣáájú: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé iná kiri lórí òkè lóru, kí wọ́n máa pariwo pé kò sí àyè. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́. Wọ́n sáré padà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àti iwin ti gba ìlú.

Ológbo, olórí àwọn arọ́kin, ló gba Kábíyèsí nímọ̀ràn pé kí wọ́n rán àwọn ọdẹ lọ wò ó ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn ọdẹ dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé èèyàn ni wọ́n, wọ́n sì kó gbogbo wọn wálé. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin, Kábíyèsí ní kí wọ́n mú àwọn "iwin" náà jáde. Kò sẹ́ni tó lè fọhùn nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Aláàfin Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Samuel Johnson kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adedeji ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó fi eré alárìnjó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1969, rí i nínú ìtàn àwọn eléégún pé ibẹ̀ ni eré náà ti ṣẹ̀. Lọ́wọ́ Ológbo ni wọ́n fi àwọn "iwin" mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bani ní ìkọ̀kọ̀ wá di ohun tí wọ́n ń ṣe lójú gbogbo ayé nínú ààfin. Bó bá yá, wọn ò nílò àwọn èèyàn yẹn mọ́. Wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n rán agọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le sì ń fi ìbòjú ṣe abuké, ó ń ṣe adẹ́tẹ̀. Ìran Ológbìn Ológbojò ni àwọn eléré ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun wọn, tí wọ́n sì ń júbà Ẹ̀sà Ògbín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, ẹ̀sà lorúkọ tí ọ̀pọ̀ ń pe iwì tí eégún ń ké.

Ohun tí Clapperton rí

Ní oṣù Kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, àti Richard Lander tó ń bá a ṣiṣẹ́ dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ní oṣù Kejì, Aláàfin ní kí wọ́n wá wo eré. Apá mẹ́ta ni eré náà pín sí. Àwọn tó wọ inú àpò ló kọ́kọ́ jáde. Wọn ò rí ọ̀nà, síbẹ̀ wọ́n ń jó, wọ́n ń fò sókè. Lẹ́yìn náà ni erè ńlá kan yọ orí láti inú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹni pé ẹlẹ́mìí ni, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni.

Èyí tó kẹ́yìn ló pa gbogbo èrò lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan jáde tó funfun báláú, ó tín-ínrín, ó ń fín áṣáà, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Àwọn èrò ń wo eré, wọ́n ń wo Clapperton, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Clapperton alára gbà pé ẹni náà ṣe é dáadáa. Ó kú ní Sókótó ní ọdún 1827, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1829, òun ló sì wà lára ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ nípa eré yìí nínú ìwé.

Kí ló wà nínú eré náà?

Eégún aláré yàtọ̀ sí eégún ńlá. Eégún ńlá ni ará ọ̀run tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, tí wọ́n ń bá tọrọ ọmọ àti àlàáfíà. Aláré náà jẹ́ eégún, ó ní ìjúbà, ó ní èèwọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá èèyàn lára yá, kí wọ́n sì ná an lówó.

Ìjúbà ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ijó bàtá àti òkìtì, tí àwọn ọmọ kéékèèké sábà máa ń ta. Ìgbà náà ni idán á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wọ agọ̀ á yí bírí, aṣọ á yí ojú padà, àwọ̀ mìíràn á yọ. Ẹní á dìde dúró fúnra rẹ̀, á máa rìn. Ẹkùn á jáde, ọ̀nì á jáde, ọ̀bọ á jáde. Àwọn èèyàn náà ò gbẹ́yìn: ìyàwó tuntun tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan, ọ̀mùtí, Tápà, ọlọ́pàá. Ọkùnrin ló ń gbé agọ̀, àmọ́ àwọn obìnrin ilé ló ń gbe orin. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, eré ò lè dùn.

Ìlú òyìnbó náà yí padà

Philip Astley, sójà tó mọ ẹṣin gùn, ló dá sákọ́ọ̀sì ìgbàlódé sílẹ̀ ní London ní ọdún 1768. Ó rí i pé bí ẹṣin bá ń sáré yípo, ẹni tó dúró lórí rẹ̀ kì í tètè ṣubú. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni fífẹ̀ agbo tó wá fìdí múlẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ sákọ́ọ̀sì ṣì ń lò.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, P. T. Barnum ní Amẹ́ríkà sọ ara èèyàn di ọjà. Ó ń gbé aràrá, òmìrán àti àwọn tí ìṣẹ̀dá wọn yàtọ̀ kiri, àwọn èèyàn sì ń sanwó láti wò wọ́n. Ìlú lọ́mọ lójú, ó wá yé aráyé pé ìwọ̀sí ni. Ó kan ẹranko. Ní ọdún 2016, Ringling Bros. and Barnum & Bailey dá erin dúró nínú eré wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n padà ní ọdún 2023, kò sí ẹranko kankan níbẹ̀ mọ́, èèyàn nìkan ló kù. Ilẹ̀ England náà fòfin de ẹranko ìgbẹ́ nínú sákọ́ọ̀sì láti oṣù Kìíní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ti Ìgbòho. Ohun kan náà wà nínú ìtàn méjèèjì, ìyẹn fífi àwọn tí ìṣẹ̀dá wọn yàtọ̀ ṣe ìran wò. Ṣùgbọ́n àwọn eléégún ti fi ìbòjú rọ́pò wọn tipẹ́. Ní ti ẹranko, ẹkùn tiwọn kò jẹ ẹran rí, erè wọn ò gbé inú àgò rí. Aṣọ ni, èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí, pé ara èèyàn nìkan tó eré, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lọ́dọ̀ eégún aláré.

Láti agọ̀ dé orí ìtàgé

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, àwọn eléré fọ́n ká. Ogun gbé wọn dé ibi tí wọn ò dé rí, wọ́n sì ń ṣeré níbikíbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí. Àwọn kan ń fi orúkọ alárìnjó bú wọn, bí ẹni pé alágbe lásán ni wọ́n. Àwọn ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kan ní kí àwọn ọmọ wọn má dé ìdí agbo. Eré náà ò kú, àmọ́ ó wọ ilé mìíràn.

Hubert Ogunde, tó wo eré alárìnjó ní kékeré, gbé eré The Garden of Eden jáde ní ọdún 1944. Láàárín ọdún díẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi mọ́tò gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, bí àwọn alárìnjó ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ìjúbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, orin, ijó, ọ̀rọ̀ tó ń gún ìjọba lára, ilé eégún ni gbogbo ìyẹn ti wá. Ní ọdún 1979, ó gbé fíìmù Aiyé jáde, idán sì kún inú rẹ̀.

Òkè-Ògùn tún bí ọ̀kan mìíràn. Ní Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí Professor Peller ní ọdún 1941. Kò gbé agọ̀, kóòtù ló wọ̀. Ó kọ́ idán dé ilẹ̀ Íńdíà, ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Lady Peller sì ń bá a ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́njú ní ọdún 1970 sókè á rántí bí gbọ̀ngàn ṣe máa ń kún fọ́fọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn agbébọn pa á ní ọdún 1997. Orúkọ oníṣẹ́ ọnà yìí ò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn agbègbè yìí.

Ibo ló kù sí?

Èèyàn ò tíì sú wíwò. Fídíò ọmọ kékeré tó ń jó bàtá tàbí tó ń ta òkìtì lórí fóònù, kíá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún á ti wò ó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Inú ilé ni iṣẹ́ yìí ti ń wá. Bàbá ló ń kọ́ ọmọ, láti ìgbà tí eegun ọmọ ṣì rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta òkìtì dáadáa, kò lè dúró di ọmọ ogún ọdún. Iwì gbọ́dọ̀ ti wà lórí ọmọ náà láti kékeré, nítorí oríkì ìdílé kan ò jọ ti èkejì. Nígbà tí ọmọ bá lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá, tí kò wálé fún ọdún eégún mọ́, tí bàbá àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán agọ̀ olójú méjì sì papò dà, kò sí fóònù tó lè dá ìyẹn padà. Fóònù ń ya ohun tó hàn síta. Ohun tó wà nínú agọ̀ kì í hàn.

Ìyẹn ò ní kí ọmọ má kàwé. Àwọn ará Guinea fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1998 ni wọ́n dá Circus Baobab sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta òkìtì àti àwọn onílù ibẹ̀ di eléré tí wọ́n ń pè lọ sókè òkun. Nílé wa níbí, UNESCO fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ ogún ìbílẹ̀ aráyé ní ọdún 2023, bàtá sì ni ìlù Ṣàngó. Bí ayé bá lè mọ rírì bàtá, a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jó.

Ìgbòho ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní: ìtàn tó ní orúkọ ọba nínú, Ìgbó Ọba tí àlejò lè fojú rí, àti ìdílé eléégún tó ṣì ń jáde lọ́dún. Olùkọ́ lè kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fi agbo eré kún ètò ọdún, kí wọ́n sì sanwó fún àwọn eléré bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olórin. Àwọn ọmọ Ìgbòho tó wà lẹ́yìn odi náà lè bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn kó tó pẹ́ jù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí eégún ẹni bá jóore, orí á yá atọ́kùn rẹ̀. Eégún ṣì ń jó. Atọ́kùn ló ń wá.