Alẹ́ Tí Vile Rat Dákẹ́

Nílé wa, òkú kì í ṣàìní ẹni tí yóò túfọ̀ rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí á rán ẹnì kan, onítọ̀hún á jókòó, á gba omi mu, kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan la ti mọ̀ ọ́n, ta ni yóò wá sọ fún wa pé ó ti lọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni yóò kàn dákẹ́. Ìtàn wákàtí mẹ́rìnlélógún yìí yàtọ̀ díẹ̀: ìdákẹ́ ọ̀rẹ́ náà ló kọ́kọ́ dé, kí ìjọba tó sọ̀rọ̀.

Sean Smith, ẹni ọdún 34, ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú géèmù EVE Online, Vile Rat ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbá géèmù náà pa pọ̀: wọ́n ń dẹgbẹ́, wọ́n ń gba ilẹ̀ láàárín ìràwọ̀, wọ́n ń mulẹ̀, wọ́n sì ń dalẹ̀. Smith ni alárinà ẹgbẹ́ GoonSwarm, ẹni tí wọ́n ń rán sí ọ̀tá nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

6:45 àárọ̀, Tuesday, 11 September 2012

Ní Benghazi, Líbíà, wọ́n rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ní òdìkejì títì. Ó wà lórí ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, ó ń ya fọ́tò ọgbà àwọn Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ló gbé Smith wá sínú ọgbà náà láti The Hague, níbi tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sí.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pé ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àwọn ń ya fọ́tò. Ó fi kún un pé ohun tí àwọn jọ ń sọ yóò ṣeé ṣe, bí àwọn kò bá kú lálẹ́ yẹn.

7:40 alẹ́

Chris Stevens, aṣojú àgbà Amẹ́ríkà ní Líbíà, sin àlejò rẹ̀ láti Turkey dé ẹnu ọ̀nà. Títì dá rọ́rọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó wọ yàrá lọ.

9:42 alẹ́

Ìbọn dún lẹ́nu géètì. Smith tẹ èpè kan sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pé ìbọn ń dún, ó sì pòórá. Ọ̀sán ṣì ni ní Washington, aago 3:42. Nínú géèmù, tó ń tẹ̀lé aago GMT, 7:42 ló lù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdí láti rò pé yóò padà wá. Alex Gianturco, olórí GoonSwarm nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní The Mittani, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí Smith wà ní Baghdad, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe: á ní bọ́ǹbù ń bọ̀, á lọ, á sì tún yọjú. Ẹni tí ikú ti ṣì lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sùúrù.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá

Smith, Stevens àti ẹ̀ṣọ́ kan sá wọ yàrá ààbò. Àwọn tó ya wọlé da dísù sílẹ̀, wọ́n sì ṣáná sí i. Èéfín kún ilé débi pé ẹ̀ṣọ́ náà kò rí àwọn méjèèjì tó ń tẹ̀ lé e mọ́. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó sì ń padà wọlé léraléra láti wá wọn. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù máa rí Smith, ó ti kú. Wọ́n gbé e gba ojú fèrèsé, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ sá la ojú ìbọn kọjá. Stevens náà kò yè é.

Lẹ́yìn aago mẹ́rin òru

Hillary Clinton, tó jẹ́ akọ̀wé ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà, kéde pé òṣìṣẹ́ kan ti kú. Kò dárúkọ. Ní 5:15, àdó olóró tún pa ẹ̀ṣọ́ méjì, Tyrone Woods àti Glen Doherty, níbi tí àwọn tó kù sá sí.

Wednesday, 12 September

Gianturco ló túfọ̀. Ó kọ ọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀ pé ikú Vile Rat ti dájú, pé ẹbí rẹ̀ ti gbọ́, pé ìròyìn kò ní pẹ́ tú síta. Ẹ wo bó ṣe tò ó: ẹbí ṣáájú, ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, ayé gbẹ̀yìn. Àgbàlagbà tó mọ bí a ṣe ń tú ọ̀fọ̀ nílé wa kò ní tò ó lọ́nà mìíràn.

Kò sí ilé tí àwọn ọ̀rẹ́ inú géèmù lè lọ jókòó sí, kò sí ọwọ́ opó tí wọ́n lè dì mú. Wọ́n wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nínú géèmù, ẹgbẹ́ tó bá ní ibùdó láàárín ìràwọ̀ láṣẹ láti sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ibùdó ló sì di orúkọ Vile Rat, títí kan ti àwọn ọ̀tá GoonSwarm. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Àwọn ọ̀tá wọ̀nyí kò rí ère tuntun kankan gbẹ́: ẹni tó ti bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n ń bọlá fún. Àwọn tó ń gbá géèmù náà tún dáwó fún ìyàwó àti ọmọ Smith.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Washington ni Clinton tó dárúkọ Smith: ọkọ, bàbá ọmọ méjì, òṣìṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ní 14 September, níwájú pósí mẹ́rin ní ibùdó ológun òfurufú Andrews, ó fi ohun kan kún un: ó ní àwọn tó ń gbá géèmù pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rẹ́ àti alátakò, ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni ìjọba ṣe ka àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí mọ́ àwọn olọ́fọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni Sean Smith fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́ sí.