Ààrò Gàrí àti Ṣímínì Rẹ̀ ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Àwọn Potogí ló kó gbágùúdá láti ilẹ̀ Brazil wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó di oúnjẹ gbogbo ilé lọ́dọ̀ wa, nítorí oró inú rẹ̀. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan ìmọ̀ gàrí ká: kí a rin gbágùúdá, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sẹ́ ẹ, kí a dín in. Láti etíkun ló ti wọ oko. Lónìí, láti Mọ́níyà dé Ìjàyè àti Ìrókò ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, gàrí dídín ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé.

Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná lè bọ́ síta gba atẹ́gùn. Ẹni tó ń dín gàrí kò lè kúrò nídìí agbada. Bó bá dáwọ́ dúró, gàrí á jóná tàbí kó di kókó, nítorí náà yóò jókòó tì í, àfọ́ igbá lọ́wọ́, yóò máa rò ó, yóò máa tì í, títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹnu ààrò wà. Èéfín ń kó sí i lójú, oru gbágùúdá tó gbé díẹ̀ nínú oró náà dání ń fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí agbada irin fífẹ̀ gba ipò agbada amọ̀, iná ní láti pọ̀ sí i, èéfín náà sì pọ̀ sí i.

Ìjọba dá FIIRO, ilé ìwádìí fún iléeṣẹ́ ìṣelọ́pọ̀, sílẹ̀ ní Oṣòdì ní 1956, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣe gàrí. Ní 1967 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní Akínyẹlé gan-an. Ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá dé abúlé, jáàkì tí a fi ń fún un dé. Ìdáná ló gbẹ́yìn. Lójú tèmi, kì í ṣe pé ó ṣòro ju ẹ̀rọ lọ. Iṣẹ́ tó ń pa obìnrin lójú nìkan ni kò tètè jẹ ẹnikẹ́ni lógún.

Ààrò oníṣímínì kò nira láti mọ. A ó fi bíríkì tàbí amọ̀ mọ ọ́n yí ká, a ó kọ ẹnu iná sẹ́yìn ògiri, níta ibi tí ẹni tó ń dín gàrí jókòó sí. A ó fi amọ̀ dí etí agbada pinpin, nítorí àlàfo tó bá kù níbẹ̀ ni èéfín yóò gbà padà wọlé. Lódìkejì ẹnu iná ni ṣímínì, òpó tí èéfín ń gbà jáde, yóò wà, tí yóò ga kọjá òrùlé. Atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́, ó ń lọ sókè, ó sì ń fa atẹ́gùn tútù wọ ẹnu iná tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí òpó náà bá ṣe ga tó, tó sì gbóná tó, ni fífà rẹ̀ ṣe le tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà ni síso ààrò tuntun mọ́ ṣímínì tó ti wà nílẹ̀. Ìṣòro yìí kan náà bá àwọn ará Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì wọ́n gógó ní 1973, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fún lẹ́búlẹ́bú pákó pọ̀ di hóró kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, Jerry Whitfield sì ṣe sítóòfù tó ń lò ó nínú ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣímínì bíríkì fífẹ̀ ló wà nílé wọn, tí a mọ fún iná igi ńlá. Fáànù ló ń ti èéfín pẹ́lẹ́ẹ̀tì jáde, kò sì gbóná tó ti igi. Bó bá bọ́ sínú ihò fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, á tutù kó tó dókè, omi á sẹ̀ sára bíríkì, dúdú èéfín á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ páìpù irin tí kì í dípẹtà, tó fẹ̀ ní íǹṣì 3 tàbí 4, gba inú ṣímínì àtijọ́ dé orí òrùlé. Fún ààrò gàrí wa, òpó náà yóò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé igi ni à ń dá, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló dè é: iná ló ń sọ bí ihò yóò ṣe fẹ̀ tó. Ẹ má sì so ààrò méjì mọ́ òpó kan. Bí ọ̀kan kò bá jó, atẹ́gùn tútù á gba ẹnu rẹ̀ wọlé, òpó náà kò sì ní lè fa èéfín èkejì dáadáa mọ́.

Ewu èéfín kì í ṣe ojú títa nìkan. Láàárín 2013 sí 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago, tí Dókítà Christopher Olopade wà lára àwọn aṣáájú wọn, tẹ̀lé aboyún 324 ní Ìbàdàn. Apá kan gba sítóòfù ẹtánọ́ọ̀lù, apá kejì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì lọ. Nígbà àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo ti àtijọ́ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru, ìdá 1.9 péré ni láàárín àwọn tó gba ẹtánọ́ọ̀lù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.2 náírà fún ààrò ìgbàlódé 750,000 fún àwọn obìnrin ìgbèríko. Ìkòkò ọbẹ̀ ni irú ààrò bẹ́ẹ̀ wà fún. Agbada gàrí tó ń jó láti àárọ̀ dalẹ́ ṣì wà lórí igi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kọ́ ilé gàrí, àti ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ fi owó ṣímínì sínú ìṣirò àkọ́kọ́, kí bíríkìlà mọ ọ́n pọ̀ mọ́ ààrò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sì fi ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀, kí a lè máa gbá dúdú èéfín kúrò kó tó dí i.