Wíwọn ọ̀rá àti ẹran ara ọmọdé

Wíwọn ohun tó para pọ̀ di ara ọmọdé ni ṣíṣe ìṣirò iye ọ̀rá tó wà lára ọmọ, yàtọ̀ sí ẹran, egungun àti omi. Òṣùwọ̀n nìkan kò lè sọ èyí. Ọmọ tí kwashiorkor, àìsàn àìjẹunkánú, ń ṣe lè wúwo nítorí omi tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, nígbà tí ẹran ara rẹ̀ ń tán lọ. Èdè Gà ni Cicely Williams, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, ti mú orúkọ àìsàn yìí, tó sì kọ ọ́ fún àwọn oníṣègùn àgbáyé ní 1935. Ní ti àwọn ìyá Yorùbá, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mọ̀: bó bá ń fún, ọmọ ń sanra, bó bá ń yọ̀ bọ́, ara ọmọ ń fà.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára ibi tí iṣẹ́ wíwọn ọmọdé ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń wọn àwọn ọmọ lóòrèkóòrè láti kékeré, wọ́n sì ń fi àmì sí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Ibi tí ìlà inú káàdì bá dorí kọ ni Morley kà sí ju kílò ọjọ́ kan lọ: bó bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà, bó bá tẹ́jú, ìkìlọ̀ nìyẹn kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mú káàdì náà lò, àmọ́ kílò ṣì ni ó ń kà.

Wíwọn apá sún mọ́ ìdáhùn jù ú lọ. Láàárín ọdún kan sí márùn-ún, àyíká apá òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Bó bá dín kù, ẹran àti ọ̀rá ló lọ. Derrick Jelliffe, tó ti kọ́ni ní Ìbàdàn, gbé ọ̀nà yìí lárugẹ nínú ìwé tó kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1966. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ẹlẹ́sìn Quaker tó ń ṣèrànwọ́ sọ ọ́ di ọ̀pá. Wọ́n á wọn apá ọmọ, wọ́n á mú un dúró ti ọ̀pá tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n apá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíga kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ga ju ibi tí ìwọ̀n apá tirẹ̀ wà, ebi ti ń pa á lára. Wọn kò nílò òṣùwọ̀n, wọn kò sì ní láti béèrè ọjọ́ orí láàárín ogun. Ní 1974, Morley àti Adnan Shakir ti Baghdad kọ̀wé lórí téèpù aláwọ̀ tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lónìí, agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá òsì ni wọ́n ń wọn, kí apá náà rọ̀ sílẹ̀, kí téèpù má sì fún awọ. Fún ọmọ oṣù 6 sí 59, ìwọ̀n tí kò tó mílímítà 115 jẹ́ àìjẹunkánú tó le. 115 sí ìsàlẹ̀ 125 jẹ́ èyí tó mọ níwọ̀n.

Àríyànjiyàn wà níbí. Ọmọ tí apá fi hàn àti ọmọ tí kílò sí gíga (ìwúwo tí a fi wé gíga) fi hàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn kan sọ pé téèpù máa ń mú àwọn ọmọ kéékèèké ju àwọn tó dàgbà díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn kéékèèké náà ni ikú sún mọ́ jù, nítorí náà kì í ṣe àṣìṣe. Ó jọ pé ẹ̀rí ti ẹgbẹ́ kejì lágbára níbi tí ewu ikú bá jẹ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò tíì tó láti pa kílò sí gíga tì.

Láti mọ ọ̀rá gan-an, wọ́n máa ń fi kálípà fún awọ ẹ̀yìn apá àti abẹ́ egungun èjìká. Èyí tó péye jù ú lọ ni omi deuterium: ọmọ á mu díẹ̀, wọ́n á yẹ itọ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láti mọ iye omi ara. Ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi, nítorí náà ìyókù ara ni omi náà ń fi hàn. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí omi jẹ́ nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ara ọmọ tuntun tí kì í ṣe ọ̀rá, àti nǹkan bí 73 lára àgbà.

Ní ìlú ńlá bí Èkó, àìjẹunkánú àti ìsanrajù ọmọdé ni ó yẹ kí a máa wọn pọ̀. Fún ọmọ ọdún 5 sí 19, tábìlì Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2007 ni wọ́n fi ń wo BMI (ìwúwo tí a fi gíga pín lẹ́ẹ̀mejì). Òun náà kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan.