Ìwé Orúkọ Ló Gba Port Harcourt Lọ́wọ́ Ebola

Ọ̀rọ̀ ọdún 2014 ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí nígbà yẹn ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, gbogbo ohun tí wọ́n sì mọ̀ kò ju pé àrùn kan wà tó ń jẹ́ Ebola. Àwọn àgbà gan-an, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n bó ṣe lọ, wọ́n á ní Ọlọ́run ló lé e. Òótọ́ ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ni Ọlọ́run lò, ọwọ́ náà sì mú bírò àti ìwé dání.

Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ìyẹn. Patrick Sawyer, ọmọ Liberia tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ti Monrovia wọ bàálù, ó gba Lomé, ó dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014. Ibẹ̀ náà ló ṣubú sí. Ìpàdé kan ló ń lọ ní Calabar. Lásìkò yẹn àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, bó ṣe di pé ọsibítù aládàáni ni wọ́n gbé e lọ nìyẹn, First Consultants ní Obalende. Dókítà Ameyo Adadevoh, àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay, ló kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní í jáde. Wọ́n pe obìnrin yìí lórí fóònù, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní rárá. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Màmá yìí náà kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ká ní ó fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ kó máa lọ sí Calabar ni, ẹ jẹ́ á fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Apá tiwa ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí àwọn ará Èkó ti sọ tiwọn tó.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ pàdé Sawyer, òṣìṣẹ́ ECOWAS kan, wà lára àwọn tí wọ́n ní kó jókòó sójú kan nílùú Èkó kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Kò jókòó. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ó gbọ̀nà Port Harcourt, ó gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì wá dókítà kan láti máa tọ́jú òun níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Dókítà náà ni Iyke Enemuo. Láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ló tọ́jú rẹ̀. Ara ọkùnrin yẹn yá, ó padà sí Èkó, àrùn sì kù sọ́dọ̀ ẹni tó tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ni ara dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 13, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì sọ pé ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ó kéré tán aláìsàn méjì láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tó le sí i, ó wà nílé. Ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé ìkókó ni, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń wọlé wọ̀de láti kí wọn kú ewu. Ní ọjọ́ 16 wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá gbàdúrà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọsibítù náà ló fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ 21 wọ́n gbé e lọ ibòmíràn lọ ṣe àyẹ̀wò inú, dókítà méjì tún fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 22. Ọjọ́ 27 ni àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni.

Ẹ ka ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 27. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún gbáko ni àrùn yìí fi ń rìn láàárín Port Harcourt láìjẹ́ pé ará ìta mọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí dókítà náà, èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ẹni tí inú ń bí mi sí ni ẹni tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, tó sì sá kúrò lábẹ́ ojú wọn.

Ẹ tún wo ohun tó ràn án: ìsọmọlórúkọ, ìbẹ̀wò aláìsàn, àdúrà. Kò sí ohun burúkú kan níbẹ̀. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bí Yorùbá kan ní Woji bá wà lórí ibùsùn tí a ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò dà. Ìdí nìyẹn tí WHO fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án pé ti Port Harcourt lè tóbi ju ti Èkó lọ, kó sì yára tàn jù ú lọ.

Kí ló wá dá a dúró? Wọ́n ṣí ibùdó ìdarí kan ṣoṣo. Ìjọba àpapọ̀, ìjọba Rivers lábẹ́ Gọ́mìnà Amaechi, WHO àti àwọn àjọ míràn jókòó sábẹ́ òrùlé kan náà, ẹnì kan sì ni olórí. Kì í ṣe tuntun. Láti 2012 ni wọ́n ti dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ ni wọ́n kó wá sídìí Ebola. Dókítà Faisal Shuaib, tí wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà ní Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ yìí ló ti wá. Ẹ rántí àwọn obìnrin tó máa ń gbé kúlà kọ́ èjìká wá sílé wa wá kán oògùn sẹ́nu ọmọdé, tí wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn? A máa ń bínú sí wọn nígbà míràn pé wọ́n pọ̀ jù. Iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ara wọn láti máa wá ilé onílé kiri, òun ló wúlò ní 2014.

Wọ́n bi ọsibítù, wọ́n bi ẹbí, wọ́n bi ìjọ: ta ló fọwọ́ kàn án? Orúkọ ta ni? Ilé rẹ̀ dà? Kò pẹ́ tí orúkọ fi lé ní 200 ní Port Harcourt, nǹkan bí 60 nínú wọn sì sún mọ́ àrùn gan-an. Ikọ̀ 21 ló ń wá wọn kiri. Ojoojúmọ́, fún ọjọ́ 21, wọ́n á dé ilé ẹni náà, wọ́n á wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, wọ́n á kọ ọ́. Ọjọ́ 21 ni, nítorí àrùn náà kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara kó tó yọjú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á gbé e lọ ibùdó ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe sí Oduoha ní Emohua. Kárí orílẹ̀-èdè, èèyàn 894 ni wọ́n tọpa, ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe sì tó 18,500. Ẹ jẹ́ mo tún un sọ: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn láti bi í pé báwo ni ara. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú. Ìyàwó dókítà Enemuo, dókítà lòun náà, kó o, ó sì yè. Aláìsàn míràn tó wà ní ọsibítù tí ọkọ rẹ̀ wà kó o, ìyẹn ò rù ú là. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, lẹ́yìn ọjọ́ 42 tí ẹnikẹ́ni ò kó o mọ́, WHO kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Ní Liberia, Sierra Leone àti Guinea, àwọn tó kú kí ó tó tán lé ní 11,000.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹ rántí bó ṣe rí. Ọjà Slaughter dá páropáro láwọn ọjọ́ kan, ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ di ẹni tí wọ́n ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní ká má bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́, igbọ̀nwọ́ la fi ń kí ara wa. Rọ́bà ni mo ń tà ní Oil Mill, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ omi sí nísàlẹ̀ tán lọ́wọ́ gbogbo wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó rẹ̀ sì fò sókè. Sánítáísà ńkọ́? Èyí tó kéré jù di nǹkan olówó. Ṣáájú ìyẹn ni ti omi iyọ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, tí fóònù ń dún láàárín òru pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Orógbó náà wọ́n bí wúrà. Àwọn kan tiẹ̀ kú nítorí iyọ̀ yẹn. Ìròyìn èké ti dé gbogbo ilé tán kí òótọ́ tó wọ bàtà, nítorí aládùúgbò ló ń gbé e kiri. Nígbà tí ìjọba wá gbọ́n, aládùúgbò ni àwọn náà rán: wọ́n kó èèyàn jọ tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àyíká ibi tí àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ń gbé, nǹkan bí 26,000 ilé ni wọ́n dé.

Sísá fún ìwé orúkọ kò bẹ̀rẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ ECOWAS yẹn o. Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida ti Accra gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá wọ Èkó, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní lúkúlúkú. Àwọn èrò ti tú ká kí àwọn òyìnbó tó mọ̀. Nígbà tí ìjọba wá ní kí wọ́n máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn kó ẹrù, wọ́n sá kúrò nílùú, rélùwéè sì wà ńlẹ̀ tó máa gbé wọn. Wọ́n gbé àrùn dé ibi tí kò tíì dé. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Òyìnbó ìgbà yẹn kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fọkàn tán, tipátipá sì ni wọ́n ń kó aláìsàn lọ. Ẹni tí kò bá fọkàn tán akọ̀wé kò ní í sọ orúkọ fún un.

Ibẹ̀ ló ti kàn àwa àlejò. Nígbà àìsàn, ilé ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn wa. A ó ní ká gbé e lọ Ìlọrin, ká gbé e lọ Ọ̀yọ́, ibẹ̀ la ti mọ babaláwo, ibẹ̀ la ti mọ dókítà. Tó bá sì kú, òkú gbọ́dọ̀ dé ilé. Ní oṣù Kẹjọ 2014 ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òkú láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì láìgba àṣẹ, nítorí òkú Ebola ń ran èèyàn ju ààyè rẹ̀ lọ. Ó dun àwọn ará wa nígbà yẹn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n òfin náà tọ́.

Ti Kòrónà ní 2020 kò rí bákan náà. Wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Rivers ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, Gọ́mìnà Wike ti gbogbo Port Harcourt àti Obio/Akpor pa, Woji wa yìí sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà wọ́n wó hòtẹ́ẹ̀lì méjì ní Eleme pé wọ́n rú òfin. Ká sọ tòótọ́, Kòrónà ṣòro láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè máa ràn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ látọwọ́ dẹ́nu mọ ìyàtọ̀ àárín kí wọ́n wá bi ọ́ bí ara ṣe rí àti kí wọ́n ti ọjà mọ́ ọ.

Mo wá wo ìwé ẹgbẹ́ wa níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúkọ àwọn tó ń san owó oṣù wà níbẹ̀, baálé ilé ló pọ̀ jù. Kò sí orúkọ ìyàwó, kò sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí àbúrò tó ti ilé dé lóṣù tó kọjá. Kò sí òpópónà, kò sí nọ́ńbà ilé. Bí wọ́n bá wá bi alága lọ́la pé àwọn wo ló wá sí ìsọmọlórúkọ ọjọ́ Sátidé, ìgbà wo ni yóò tó kọ wọ́n tán? Mo ti bá akọ̀wé sọ ọ́, ó ní kí n mú un wá sí ìpàdé. Nọ́ńbà NCDC tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni 6232. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.