Bí A Bá Ń Jà, Bí Í Ká Kú Kọ́: Aáwọ̀ Ẹnu Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Parabe ní Etíkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà Yorùbá a máa pa á lówe pé, bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Òwe yìí kò yin ìjà, kò sì ní kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ dákẹ́. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe pọ̀ lè bínú síra wọn, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù mọ ibi tí yóò bá ìjà dé, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò tún nílò ara wọn. Ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu jù ni ààrin òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó ń bínú kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ wó, agbanisíṣẹ́ tí ó ń fárígá kò sì fẹ́ kí ọwọ́ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rọ.

Oríṣi ohun ìjà méjì ni tọ̀tún-tòsì ní. Ti òṣìṣẹ́ ni ìyanṣẹ́lódì, èyí tí í ṣe pé kí àwọn òṣìṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti dáṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi dá wọn lóhùn. Ti agbanisíṣẹ́ ni títi ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ síta títí wọn yóò fi gba ohun tí ó fi lọ̀ wọ́n. Òfin tí ó de aáwọ̀ ẹnu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1976, fi àlà sí méjèèjì: bí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò lé lórí tẹ́lẹ̀ kò bá parí ọ̀rọ̀, kí wọ́n pàdé láàárín ọjọ́ 7 lábẹ́ alárinà tí wọ́n jọ yàn; bí ti alárinà kò bá yanjú, kí wọ́n fi tó mínísítà ètò iṣẹ́ létí, kí ọ̀rọ̀ sì ti ọwọ́ olùpẹ̀tùsááwọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onílàjà àti ilé-ẹjọ́ tí ó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Òfin kan náà ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá yanṣẹ́ lódì má retí owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ni ó ti ilẹ̀kùn, dandan ni kí ó san owó oṣù wọn pé. Ìlànà yìí jinlẹ̀, nítorí pé ó di ẹrù ìjà lé ẹni tí ó bá dá iṣẹ́ dúró lórí.

Ìtàn fi hàn pé níbi tí irú àlà bẹ́ẹ̀ bá wà, ìjà a máa le, a sì máa parí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà, tí Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára aṣíwájú wọn, dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ogun àgbáyé kejì ti gbé owó oúnjẹ lọ sókè, owó ọ̀yà kò sì bá a lọ. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà, ìgbìmọ̀ Tudor Davies sì dámọ̀ràn àfikún owó fún wọn. Nínú eré ìdárayá pẹ̀lú, àwọn olówó líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré ní 2004, gbogbo sáà náà sì ṣòfò láìsí ẹni tí ó gba ife, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní oṣù Keje 2005, eré sì bẹ̀rẹ̀ padà. Nílé, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin Super Falcons tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2016 kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní Àbújá títí wọ́n fi rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Kò sí èyí tí ó gba ẹ̀mí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yàtọ̀ sí èyí. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀, orí omi ni ilé wọn dúró lé, omi náà sì ni oko wọn. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ elépo Gulf, tí ó padà di ara Chevron, la ipa odò ní agbègbè Awoye kí ọkọ̀ ìwapo lè ráyè kọjá, omi òkun sì gba ibẹ̀ wọlé. Igi ògùrọ̀ tí wọ́n ń dá ẹmu rẹ̀ gbẹ, ẹja tí kì í gbé inú omi iyọ̀ kú, obìnrin tí ó ń bu omi mímu lẹ́yìnkùlé sì ní láti máa tukọ̀ lọ wá a lọ́nà jíjìn. Àwọn tí oko bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ yìí ni wọ́n ń wo iná epo tí ó ń jó lójú òkun, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1998, ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ọkọ̀ lọ sí Parabe, pèpéle ìwapo Chevron tí ó dúró sórí òpó irin nínú òkun, wọ́n sì jókòó sí orí rẹ̀ àti sórí bájì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú fún omi tí ó bàjẹ́, omi mímu, àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú. Chevron ní wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ìgbèkùn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn kò gbé ohun ìjà, wọ́n sì ní àwọn ti gbà láti kúrò lẹ́yìn ìpàdé tí àwọn àgbààgbà bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, hẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà gbé sójà àti ọlọ́pàá kògbérégbè balẹ̀ sórí bájì. Ìbọn dún, Arolika Irowarinun àti Jola Ogungbeje kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́, wọ́n sì kó àwọn kan lọ sí àhámọ́.

Ìdí tí ìjà yìí fi dé ojú ikú yẹ fún àròjinlẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀dọ́ Ìlàjẹ le ju òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ. Òfin ni kò ní àyè fún wọn. Ẹni tí ó ti bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn ni òfin 1976 ń pè ní òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ilé-iṣẹ́ ba omi rẹ̀ jẹ́, tí kò sì gbà á síṣẹ́, kò ní ẹgbẹ́ tí yóò gbẹnu sọ fún un, kò ní alárinà, kò sì ní iṣẹ́ tí yóò yàn lódì. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè dá dúró ni iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìyà láyé ìjọba ológun, nítorí pé nígbà tí NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ elépo, yanṣẹ́ lódì ní oṣù Keje 1994 lórí ìdìbò June 12 tí wọ́n fagi lé, ìjọba Abacha tú ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀ ká, ó sì fi akọ̀wé àgbà rẹ̀, Frank Kokori, sí àhámọ́ títí di 1998. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ tì mọ́ gbogbo ènìyàn báyìí, ìbọn nìkan ni ó ṣẹ́ kù láti dáhùn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní San Francisco ní 1999, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Bowoto àti Chevron. Ọdún kẹsàn-án ni wọ́n tó gbọ́ ọ, ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú sì dá Chevron láre ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2008. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2010. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ṣì ní láti jọ máa lo omi kan náà, ẹjọ́ náà kò sì dá omi Awoye padà sí bí ó ti wà.

Ìyípadà ti dé díẹ̀. Ní 2005, Chevron bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé àdéhùn gbogboogbò pẹ̀lú àwọn ìlú agbègbè iṣẹ́ rẹ̀, Ìlàjẹ sì wà lára wọn. Òfin epo ti 2021 tún pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tí ó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tí ó gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n bí rògbòdìyàn bá ba ohun èlò ilé-iṣẹ́ jẹ́, inú ìpín ìlú ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Èyí ti di ẹrù ìjà lé ìlú lórí. Ìdájọ́ òdodo ń béèrè pé kí ẹrù tirẹ̀ wà fún ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún agbanisíṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀kùn: kí ilé-iṣẹ́ tí ìlú kọ ìwé sí bá wọn jókòó láàárín iye ọjọ́ tí òfin dá, lábẹ́ alárinà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, kí ó sì san owó fún gbogbo ọjọ́ tí ó bá fi kọ̀ láti dáhùn. Àgbẹ̀ ojú omi ní ẹ̀tọ́ sí ìjà tí ó ní àlà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ní in, ojúṣe ìjọba sì ni láti fi àlà náà lélẹ̀ kí ọ̀dọ́ mìíràn tó tún wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun.